Ẹni Tó Ṣí I Lè Má Jẹ́ Ẹni Tí Yóò Tì Í: Àdàkọ Handle Nínú Kernel

Ètò tí ènìyàn ń lò lórí kọ̀ǹpútà, ì báà ṣe èyí tó ń kọ lẹ́tà tàbí èyí tó ń ya fọ́tò, kì í dédé fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, filáàṣì tàbí kámẹ́rà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ kernel, ìyẹn àárín gbùngbùn ètò tó ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà, pé kó bá òun ṣí ẹ̀rọ tí òun fẹ́ lò, kernel a sì yẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ wò kó tó dá a lóhùn. Tó bá gbà, nọ́ńbà kan ló máa ń fún un, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní handle, nọ́ńbà yìí sì ni ètò náà yóò máa tọ́ka sí nígbàkigbà tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀rọ tàbí fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Driver, tó jẹ́ ètò tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ kan pàtó kó lè sọ ìbéèrè kernel di iṣẹ́, kì í sábà rí nọ́ńbà yìí rárá. Ohun tí òun ń rí ni file object, àkọsílẹ̀ kan tí kernel dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà, tó sì wà títí lílò náà yóò fi parí.

Nínú Windows NT, tí Dave Cutler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Microsoft gbé jáde ní 1993, olúkúlùkù ètò tó ń ṣiṣẹ́ ló ní ìwé handle tirẹ̀ lọ́dọ̀ kernel, nítorí náà nọ́ńbà 84 lọ́dọ̀ ètò kan lè má jẹ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ òmíràn, ó sì lè jẹ́ fáìlì tí kò bá ọ̀rọ̀ náà tan rárá. Ètò tó bá fẹ́ kí òmíràn bá òun lo ẹ̀rọ kan kò lè kàn sọ nọ́ńbà fún un kó máa lọ; yóò ní kí kernel ṣe àdàkọ rẹ̀ nípasẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní DuplicateHandle, ó sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ lórí ètò kejì náà, èyí tí ń jẹ́ PROCESS_DUP_HANDLE. Kernel yóò wá kọ nọ́ńbà tuntun sínú ìwé ètò kejì, ṣùgbọ́n file object kan náà ni nọ́ńbà méjèèjì ń tọ́ka sí, bí ìgbà tí wọ́n bá gé kọ́kọ́rọ́ kejì fún yàrá kan ṣoṣo.

Èyí hàn kedere lára COM1, ojú ìsopọ̀ tí wọ́n fi ń so móúdẹ̀mù mọ́ kọ̀ǹpútà. Driver rẹ̀ kì í gbà kí ẹni méjì ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò kejì tó bá gbìyànjú àtiṣí i yóò gbọ́ pé kò sí àyè. Síbẹ̀, bí ètò kìíní bá ṣe àdàkọ handle 84 tirẹ̀ fún ètò kejì, tí kernel sì fún ìyẹn ní 212, ọ̀nà là nìyẹn, driver kò sì ní gbọ́ ohunkóhun, nítorí pé IRP_MJ_CREATE, iṣẹ́ tí kernel ń rán sí driver nígbà ṣíṣí, ti wá lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní padà wá nítorí àdàkọ. Bí ètò kìíní bá ti 84 pa, iye handle kàn sọ̀kalẹ̀ láti 2 sí 1 ni, driver kò tún gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí ètò kejì bá tó ti 212 ni IRP_MJ_CLEANUP yóò dé láti sọ pé handle tó gbẹ̀yìn ti lọ, IRP_MJ_CLOSE yóò sì tẹ̀ lé e nígbà tí kò bá sí ibì kankan nínú kernel tó ṣì di file object náà mú.

Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ driver ti ń ṣìnà. Olùkọ̀wé driver a máa rò pé ètò tó ṣí ẹ̀rọ ni yóò máa lò ó, òun náà ni yóò sì tì í, nítorí náà a kọ orúkọ ètò yẹn sílẹ̀, a sì so gbogbo ohun ìní iṣẹ́ náà mọ́ ọn. Nígbà tí CLEANUP bá wá dé láti ọ̀dọ̀ ètò mìíràn, driver yóò máa tú mẹ́mórì ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀; nígbà tó sì jẹ́ pé inú kernel ni àṣìṣe yìí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ètò kan ló ń kú, gbogbo kọ̀ǹpútà ni í dúró. Ohun tó tọ́ ni kí driver so ohun ìní rẹ̀ mọ́ file object, kó má so ó mọ́ ètò tó ṣí i.

Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní 1969, ń ṣe irú àdàkọ yìí nínú ètò kan ṣoṣo nípasẹ̀ dup, Linux náà sì jogún rẹ̀. Níbẹ̀, nọ́ńbà méjì tó jẹ́ àdàkọ ara wọn ń pín ojú ìwé kan náà kà: bí wọ́n bá fi ọ̀kan ka báìtì 100, ibi tí ó dúró sí ni èkejì yóò ti bẹ̀rẹ̀. Linux sàn díẹ̀ fún olùkọ̀wé driver, nítorí driver rẹ̀ lè gbọ́ ìpè tí ń jẹ́ flush nígbàkigbà tí wọ́n bá ti ọ̀kan pa, kó sì gbọ́ release nígbà tó bá kan èyí tó kẹ́yìn.

Àdàkọ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò. Handle fáìlì tí wọ́n ṣí fún kíkà nìkan kò ṣeé sọ di ti kíkọ nípa àdàkọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè dín ẹ̀tọ́ rẹ̀ kù. Èyí ni Chrome lò lórí Windows, níbi tí apá tó ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kò ti ní àṣẹ púpọ̀, tí apá mìíràn tó ṣeé fọkàn tán sì ń bá a ṣí ohun tó yẹ, tó ń fún un ní àdàkọ. Driver tí ètò kan bá fi nọ́ńbà handle ránṣẹ́ sí kò gbọdọ̀ tọ́jú nọ́ńbà náà, nítorí pé ètò yẹn lè tì í pa, kí kernel sì fi nọ́ńbà kan náà fún nǹkan mìíràn. Lójú ẹsẹ̀ ni kó fi ObReferenceObjectByHandle gba ohun tí nọ́ńbà ń tọ́ka sí, kó yẹ irú rẹ̀ àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ wò, kó sì dì í mú títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ẹni tí Windows bá sọ fún pé filáàṣì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pa ètò tó fi ṣí i, kó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí handle mìíràn ṣì wà lọ́wọ́ ètò kan tí kò hàn sójú. Kó wá ètò náà rí, kó tì í, kó tó fa filáàṣì yọ.