Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Tí Kò Ní Ìwé Ìtọ́jú

Àwọn àgbà ní bí ènìyàn kò bá mọ ibi tí ó ń lọ, ó yẹ kí ó mọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí àgbẹ̀ kan ní Àgọ́ Aláyé bá ta kòkó rẹ̀ tán, tí ó sì fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀, ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ yé e: oko, Odìgbó, ọjà Orè, bóyá Oǹdó tàbí Èkó. Ohun tí kò yé e ni ibi tí ọkọ̀ náà ti ń bọ̀. Ta ni ó ti ń wà á? Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kẹ́yìn? Ǹjẹ́ omíyalé ti bò ó mọ́lẹ̀ rí? Ọkọ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi ròyìn.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí tẹ́lẹ̀. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà. Ìwé ìtọ́jú a máa bá ọkọ̀ tuntun wá. Inú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tí ó ń tún ọkọ̀ ṣe ti máa ń kọ ohun tí ó ṣe àti ọjọ́ tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, pàápàá láti 1986 tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP kalẹ̀, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀. Ọkọ̀ àlòkù láti ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá gbòde kan, wọ́n ń gba èbúté Èkó àti ti Kútọnú wọlé. Orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni wọ́n fún un: Tòkunbọ̀. Ìròyìn tí àjọ UNEP gbé jáde ní 2020 fi hàn pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kékeré àlòkù ni wọ́n kó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn ní àgbáyé, àti pé nínú mẹ́wàá, mẹ́rin ni ó wá sí Áfíríkà.

Nínú ìrìn àjò yìí ni ìwé ìtọ́jú ti ń sọnù. Ọkọ̀ a máa gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ìwé náà lówó lórí. Àago tí ó ń ka ìrìn ọkọ̀ pàápàá kò ṣeé gbíyè lé pátápátá. Láti 1972 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ka yíyí àago náà padà sẹ́yìn sí ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ ìwà náà kò tán nílẹ̀. Ó tún yẹ kí ẹni tí ó ń rajà rántí pé máìlì ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà sábàá fi ń ka ìrìn rẹ̀. Èyí tí ó bá ka 100,000 máìlì ti rin nǹkan bí 160,000 kìlómítà.

Ọkọ̀ kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ṣàì ní àmì. Láti ọkọ̀ ọdún 1981 ni Amẹ́ríkà ti ń lo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17, a sì lè rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ni ó ń sọ ọdún ọkọ̀ náà. Ara táyà náà ní òǹkà mẹ́rin: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí rọ́bà ẹsẹ̀ búréèkì bá ti jẹ tán, tí àga awakọ̀ sì ti ya, ṣùgbọ́n tí àago ń pe ìrìn díẹ̀, ojú ti rí ohun tí ẹnu olùtajà kò sọ.

Ìlànà tí ó yẹ kí ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dì mú kò ṣòro: ohun tí kò bá sí ẹ̀rí pé wọ́n ti ṣe, kí ó gbà pé wọn kò ṣe é. Àwọn kan yóò ní, “Ṣebí ọkọ̀ náà ń rìn geere, kí ni ìdí tí a óò fi máa tú u?” Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà yóò ná ìnákúnàá. Nítorí náà, kí ó pín ẹ̀yà ara ọkọ̀ sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ojú lè rí gbígbó rẹ̀, bíi páàdì búréèkì, táyà àti ṣọ́ọ̀kì, kí ó jẹ́ kí mẹ́káníìkì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó náwó lé e. Èyí tí ojú kò lè rí gbígbó rẹ̀, bíi ọ́ìlì búréèkì àti bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, kí ó pààrọ̀ rẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìkà tuntun láti ọjọ́ náà.

Ohun tí ó lè pa ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú: búréèkì, táyà àti sítíárìn. Ẹni tí ó bá ti Orè bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin, àárín tírélà ni ó bọ́ sí. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń dán búréèkì wò. Ọ́ìlì búréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀, tí búréèkì sì gbóná, yóò hó, ẹsẹ̀ búréèkì yóò sì wọlẹ̀ láìdá ọkọ̀ dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì.

Ohun tí ó lè pa ẹ́ńjìnnì ni ó tẹ̀ lé e. Kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi lásán ni ó wà nínú rédíétọ̀, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì da ojúlówó omi rédíétọ̀ sí i, nítorí omi lásán a máa dá ìpẹtà sílẹ̀, ó sì tètè ń hó. Lẹ́yìn náà ni bẹ́líìtì tí ó ń mú kí fáàfù ṣí kí ó sì padé ní àsìkò. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ń lo ṣéènì dípò rẹ̀, nítorí náà kí a kọ́kọ́ béèrè. Bẹ́líìtì yìí kì í ké kí ó tó já. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí ó bá já lórí ìrìn, písítìn yóò kọlu fáàfù, owó ẹ́ńjìnnì odidi yóò sì di sísan nítorí bẹ́líìtì kan. Iye kìlómítà tàbí iye ọdún tí ó gbọ́dọ̀ lò wà nínú ìwé ìlò ọkọ̀, a sì lè rí ìwé ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí a bá mọ irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀.

Àwọn ìyókù, bíi pílọ́ọ̀gì, fílítà afẹ́fẹ́ àti bátìrì, a lè pín wọn sí oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ń gba ọ̀nà oko má fi fílítà afẹ́fẹ́ jáfara, nítorí eruku ọyẹ́ a máa dí i kíákíá.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti ń dun ènìyàn jù ni ti owó. Ọ̀pọ̀ ń kó gbogbo owó kòkó lé ọwọ́ olùtajà, wọ́n sì ń fi àpò òfìfo wa ọkọ̀ dé ilé. Ẹni tí ó bá gbọ́n yóò ra ọkọ̀ tí kò tó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀, yóò sì fi ìyókù pamọ́ fún iṣẹ́ oṣù àkọ́kọ́. Owó yìí kì í ṣe àfikún. Ara owó ọkọ̀ ni.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá parí, kí onímọ́tò ra ìwé kékeré kan kí ó fi sínú ọkọ̀. Kí ó kọ ọjọ́, iye tí àago kà, ohun tí wọ́n ṣe, iye tí ó ná, àti ìgbà tí yóò tún tó o ṣe. Kí ó lẹ rìsíìtì mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà yóò tún kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tí yóò rà á ní Odìgbó tàbí ní Oǹdó yóò béèrè ibi tí ó ti ń bọ̀, ìwé náà ni yóò sì dá a lóhùn.