Nígbà tí Ìkànnì Kan Ṣoṣo Kọ̀ Láti Ṣí

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ilé wa láti fi àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi ránṣẹ́ sórí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́. Aago méjìlá òru ni gbèdéke. Google ṣí, YouTube ṣí, àwọn ìkànnì ìròyìn ṣí. Ti ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni kò ṣí. Ó yí títí, ó ní ibi tí mo ń lọ kò dá òun lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n pa kọ̀ǹpútà kí n tún un tàn. Pàbó ló já sí. Wọ́n ní kí n gbé e lọ fún àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tó bá di ọ̀la. Ọ̀la kẹ̀!

Ohun tó yọ mí ni ẹ̀kọ́ tí gbogbo wa kọ́ ní ọdún kìn-ín-ní. Bí a bá fẹ́ fi hàn pé ohùn ń fi ìyàtọ̀ sí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá, a ó mú “ọkọ́” àti “ọkọ̀” sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gbogbo ìró wọn bára mu, àfi ohùn orí fáwẹ̀lì ìkẹyìn. Ohùn yẹn ló fa ìyàtọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá mú “ọkọ́” àti “ilé” kò lè sọ ohun tó fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà: ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo fi dátà fóònù mi ṣí ìkànnì náà. Ó ṣí, àmọ́ bọ́tìnnì tí a fi ń yan fáìlì kì í hàn lórí fóònù, nítorí náà n kò lè ti ibẹ̀ fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ó kéré tán, mo mọ̀ pé ìkànnì náà ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, mo pa dátà, mo so fóònù yẹn kan náà mọ́ Wi-Fi ilé tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ó tún ṣí. Ráútà wa àti ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo lo Firefox dípò Chrome. Kò ṣí. Ẹ̀bi Chrome kọ́. Mo wo aago àti déètì, wọ́n pé. Inú kọ̀ǹpútà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Kọ̀ǹpútà kì í fi orúkọ mọ̀nà, nọ́ńbà ló ń lò. Tí a bá tẹ orúkọ ìkànnì, ó máa ń bi DNS pé nọ́ńbà wo ló ni orúkọ yẹn. Saussure ti kọ́ wa pé àdéhùn àwùjọ ló so ìró ọ̀rọ̀ mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Àdéhùn náà ló so orúkọ ìkànnì mọ́ nọ́ńbà, àdéhùn sì lè yí padà.

Mo ṣí Command Prompt, mo tẹ ipconfig /flushdns kí kọ̀ǹpútà gbàgbé àwọn nọ́ńbà tó ti há sórí. Kò ṣí síbẹ̀. Mo tẹ nslookup àti orúkọ ìkànnì náà, ó fún mi ní nọ́ńbà tó parí sí 87. Mo tẹ ping àti orúkọ kan náà, èyí tó parí sí 14 ló lọ bá. Orúkọ kan, nọ́ńbà méjì! Mo ti rí “ọkọ́” àti “ọkọ̀” mi.

DNS ni nslookup ń bi tààrà. Ṣùgbọ́n ping, bíi Chrome, ń tẹ̀ lé ohun tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ gbà gbọ́, títí kan fáìlì kan tó ń jẹ́ hosts. Fáìlì yìí ní ìtàn. Kí Paul Mockapetris tó gbé DNS jáde ní 1983, fáìlì kan ṣoṣo, HOSTS.TXT, ni àwọn kọ̀ǹpútà orí ARPANET gbára lé. Elizabeth Feinler àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní SRI, ní California, ló ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà pọ̀, apá kò ká a mọ́. Irú fáìlì àtijọ́ yẹn ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Windows sì ń gbà ṣáájú ti DNS.

Mo fi Run as administrator ṣí Notepad, mo wá fáìlì náà lọ sí C:\Windows\System32\drivers\etc. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí nọ́ńbà tó parí sí 14, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kọ eléyìí síbí?”

Wọ́n ronú díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwọn fẹ́ tẹ èsì ìdánwò wọn jáde tí ìkànnì náà ń ṣe ségesège, ọ̀rẹ́ wọn kan ló bá wọn tún un ṣe. Nọ́ńbà ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ yẹn kọ síbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ti kó lọ sórí sáfà mìíràn, àwa ṣì ń kan ilẹ̀kùn ilé àtijọ́.

Mo fi # síwájú ìlà náà, nítorí kọ̀ǹpútà kì í ka ìlà tó bá fi # bẹ̀rẹ̀. Mo tọ́jú fáìlì náà, mo pa Chrome, mo tún un ṣí. Ìkànnì yọ! Nígbà tí aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú, iṣẹ́ mi ti wọlé.

Ìkìlọ̀ kan: tí ẹ bá rí orúkọ báńkì yín nínú fáìlì yẹn, tí ẹ kò sì mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ má fi kọ̀ǹpútà náà wọ àkáǹtì yín. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń gba ibẹ̀ darí ènìyàn sí ayédèrú ìkànnì.

Tí ìkànnì kan bá kọ̀ fún ẹ̀yin náà, ẹ yí ohun kan padà, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Tí ẹ bá sì bá ẹlòmíràn tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ fún un.