Dókítà Tí Kò Ṣílẹ̀kùn

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé lọ sí Kàlàbá, Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer, òṣìṣẹ́ ìjọba Làìbéríà, gúnlẹ̀ sí Èkó; ìpàdé kan ni ó ń lọ ṣe ní Kàlàbá. Ó dìgbò lulẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú. Àwọn dókítà ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléndé ni wọ́n sì gbé e lọ. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é.

Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, àrọ́mọdọ́mọ Herbert Macaulay, ni ó fura pé Ẹ̀bólà ni. Ó ní aláìsàn náà kò gbọdọ̀ jáde. Ọkùnrin náà fárígá. Àwọn aṣojú ìjọba Làìbéríà fi dandan lé e pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Bí ó bá gbà fún wọn, wàhálà ìbá kúrò lọ́rùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ta ni ìbá dá a lẹ́bi? Ṣùgbọ́n kò gbà.

Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Adadevoh fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ẹnì kan tí ó ti súnmọ́ Sawyer yọ́ lọ sí Port Harcourt. Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kú. Lápapọ̀, ènìyàn 20 ni ó kó o ní Nàìjíríà, 8 sì kú. Àrùn náà kò dé Kàlàbá.