Bí A Ṣe Lè Dá Akórìíra-Oògùn Nínú Eré Ìtàn

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni yóò ti gbọ́ nípa eré kan tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson kọ́kọ́ gbé jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Eré náà kò ní pátákó bíi lúdò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọpọ́n bíi ti ayò. Ohun tí a fi ń ṣe é kò ju bébà, pẹ́ńsù àti dáìsì lọ, tí òmíràn nínú àwọn dáìsì náà ní ojú 20. Ẹnì kan yóò jẹ́ apìtàn. Òun ni yóò sọ bí igbó ti rí àti irú ẹ̀dá tí ó yọ láti inú ihò. Olúkúlùkù àwọn yòókù yóò mú ẹ̀dá-ìtàn kan, yóò máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà wí àti ohun tí ó ṣe; bí ohun tí ó fẹ́ ṣe bá sì le, dáìsì ni yóò sọ bóyá ó ṣe é tàbí kò rí i ṣe. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti apàlọ́ rí yóò rí i pé ohun àjèjì inú rẹ̀ kò pọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn tí ń gbọ́ àlọ́ kì í gbe orin lásán mọ́. Àwọn ni wọ́n ń pinnu ibi tí Ìjàpá yóò gbà.

Nínú irú ayé tí wọ́n máa ń fi eré yìí dá, idán pọ̀ bí iyanrìn. Nítorí náà kì í pẹ́ tí ẹnì kan nínú àwọn òṣèré fi máa ń sọ pé ti òun yóò yàtọ̀, pé ẹni tí ó kórìíra idán ni òun yóò mú. Èrò náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1985, ìwé òfin kan tí Gygax ṣe, Unearthed Arcana, jáde. Irú jagunjagun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní barbarian, ará oko tí kò fẹ́ fi ojú kan idán. Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ lo ohun èlò idán. Bí ó bá sì fọ́ irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, máàkì ni yóò gbà sí i.

Ní tèmi, òfin yìí kò dára tó. Ẹ rò ó wò: ọ̀rẹ́ mẹ́rin wọ igbó pọ̀, ẹnì kan nínú wọn sì ń jèrè nígbàkúùgbà tí ó bá já ìgbàdí ẹnì kejì rẹ̀ dànù. Ìjà yóò ti dé láàárín wọn kí ẹbọra tó dé bá wọn. Yàtọ̀ sí èyí, òfin náà kò sọ ìdí pàtàkì kan tí ọkùnrin náà fi kórìíra idán. Ó kàn ní ará oko ni, bí ẹni pé ará oko ni kò mọ oògùn! Ọmọ Ẹ̀gbá wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní rẹ́rìn-ín?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dojú rú, bí a bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣe eré yìí, ni orúkọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òyìnbó fi kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí a bá sọ ní Abẹ́òkúta pé Lágbájá kórìíra oògùn, ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni pé, oògùn wo? Àgbo tí ìyá fún ọmọ mu nítorí ibà, oògùn ni. Agúnmu, oògùn ni. Okígbẹ́ tí kì í jẹ́ kí àdá ràn, ayẹta tí kì í jẹ́ kí ọta ìbọn wọlé, egbé tí ń gbé ọdẹ kúrò lójú ewu, àféèrí tí a fi ń di àwátì, oògùn ni gbogbo wọn. Àwúre tí ọlọ́jà fi ń pe oníbàárà, òun náà ni. Àsàsí àti èèdì tí a fi ń ba ayé ẹni jẹ́ ńkọ́? Ọfọ̀ ńkọ́, tí ó lè wà láìsí ewé láìsí egbò, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu? Eégún aláré tí ń pidán lójú agbo, tí ó di ejò, tí ó di ọ̀bọ, eré ni ó ń ṣe ní tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò torí èyí pè é ní oníṣègùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ ọ́ sínú bébà rẹ̀ pé ẹ̀dá-ìtàn òun kórìíra oògùn kò tí ì kọ nǹkan kan. Ó gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó kórìíra àti èyí tí ó ń mu láràárọ̀ kí ó tó lọ sí oko.

Irú ẹni tí ó kọ gbogbo rẹ̀ pátápátá náà wà nínú ìtàn wa. Ní ọdún 1930, nígbà tí ìsọjí ńlá tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá darí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kó oògùn wọn jáde, tí wọ́n sì dáná sun ún. Àwọn kan nínú àwọn Aládùúrà ìgbà náà kò fẹ́ fi ẹnu kan oògùn òyìnbó pàápàá; omi tí a gbàdúrà sí ni wọ́n ń mu. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé wọn kò sọ pé irọ́ ni oògùn. Ẹni tí ó gbà pé irọ́ ni kì í wulẹ̀ fi igi ìdáná ṣòfò lé e lórí. Ààtàn ni yóò sọ ọ́ sí. Wọ́n gbà pé agbára wà níbẹ̀, wọ́n sì gbà pé agbára náà kò dára.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an nínú eré wa. Nínú ayé tí apìtàn àti dáìsì ti fọwọ́ sí i pé oògùn ń jẹ́, ẹni tí ó bá ń sọ pé kò sí ohun tí ó ń jẹ́ oògùn yóò di aláwàdà ní ìjà àkọ́kọ́. Iná yóò jáde láti ẹnu àǹjọ̀nú, yóò jó fìlà orí rẹ̀, yóò sì máa sọ pé oòrùn ni. Akórìíra tí a lè bá rìn jìnnà ni ẹni tí ó mọ̀ dájú pé oògùn ń jẹ́, tí ó sì tún kọ̀ ọ́.

Kí ni ó dé tí yóò fi kọ̀ ọ́? Ìdí tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé wọ́n fi àsàsí pa ìyá rẹ̀, tàbí pé ó di onígbàgbọ́. Àwọn ìdí méjèèjì ti sú ni díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, kí a sọ ọ́ ní Ọdẹ́ṣọlá. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó dúró lẹ́yìn odi ìlú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, nígbà tí ogun Dàhòmì, tọkùnrin tobìnrin, kọlu Abẹ́òkúta. Kí ó tó jáde lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ adáhunṣe sín gbẹ́rẹ́ okígbẹ́ fún un. Oògùn náà jẹ́. Idà kò ràn án, ó sì padà wálé láìfarapa. Ọ̀rẹ́ tí ó sín gbẹ́rẹ́ yìí bá àwọn Ẹ̀gbá lọ sí ogun Ìjàyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, ó sì kú síbẹ̀ láìsọ ẹ̀rọ̀ oògùn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn èyí ni eéwo ńlá kan yọ sí bàbá Ọdẹ́ṣọlá ní itan. Eéwo gbó, ó tó títú. Olóólà gbé abẹ wá, abẹ kò wọlé. Wọ́n pọ́n abẹ, wọ́n tún gbé e wá, kò wọlé. (Títí di òní, àwọn àgbà kan ṣì máa ń sọ pé ẹni tí okígbẹ́ wà lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ dókítà kì í wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni mo ti mú èyí.) Eéwo náà ni ó pa bàbá. Oògùn kò já a kulẹ̀, kò tàn án jẹ. Ó jẹ́, ó sì jẹ́ títí ó fi pa ẹni tí ó ni ín.

Ẹ wá fi èèwọ̀ kún un. Oògùn tí kò ní èèwọ̀ kò pọ̀, èèwọ̀ náà kì í sì mọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni oògùn. Inú ilé tí wọn kì í ti í súfèé ni ọmọ yìí dàgbà sí, tí wọn kì í ti í jẹ irú ẹran kan, tí ìyá rẹ̀ kì í lè fọwọ́ kan aṣọ ọkọ rẹ̀ ní àwọn ọjọ́ kan. Ọmọdé fi àìmọ̀ súfèé, wọ́n nà án. Nígbà tí bàbá kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé káàkiri agboolé, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a dúró. Ní ojú mi, ìfèé yìí ṣe ìfìwàwẹ̀dá ju ìbúra ogún lọ. Apìtàn lè lò ó pẹ̀lú: nínú igbó, níbi tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́ nítorí èèwọ̀ oògùn ara wọn, Ọdẹ́ṣọlá nìkan ni yóò máa súfèé.

Àtakò kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò yẹ kí òṣèré bò mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tí ó sá fún èèwọ̀ ti fi oògùn fúnra rẹ̀ ṣe èèwọ̀. Èyí gan-an ni mo fi sàn ju òfin ti 1985 lọ, nítorí pé èèwọ̀ ẹni, ara ẹni ni ó wà. Ẹni tí kì í jẹ ìgbín kì í da ọbẹ̀ ìgbín ẹlòmíràn nù. Bí Ọdẹ́ṣọlá bá ka oògùn sí èèwọ̀ ara rẹ̀, ó lè bá ọlọ́fọ̀ jókòó, ó lè bá a jà léjìká, kò sì ní fọ́ ohun ọlọ́hun. Òun ni yóò san gbèsè ìkórìíra rẹ̀.

Gbèsè náà gbọ́dọ̀ wúwo. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní ọdún 1920, mọ èyí dáadáa. Nínú ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard tí ó jáde ní 1952, ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ ta ikú wọn ní pọ́ọ̀nù 70, ṣílè 18 àti sísì kan, wọ́n sì yá ẹ̀rù wọn fún ènìyàn ní èlé pọ́ọ̀nù 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n gba ẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ikú kò dá a padà. Ìṣirò ni gbogbo rẹ̀, bí ìgbà tí a ń ṣe ìwé ọjà. Bákan náà ni kí apìtàn ṣe fún Ọdẹ́ṣọlá: nígbà tí ọfọ̀ ń wo ọgbẹ́ àwọn yòókù sàn ní ìṣẹ́jú kan, kí tirẹ̀ gba ọjọ́ méje pẹ̀lú àgbo àti ìsinmi, kí wọ́n sì máa gbé e.

Kí ni yóò wá fi bá ẹbọra jà? Ènìyàn ni. Nígbà tí a bá ń ju dáìsì 3 fún agbára, ìyára, ìfaradà, òye, ọgbọ́n àti ìfanimọ́ra, tí máàkì kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí àárín 3 sí 18, ọ̀pọ̀ ni yóò fẹ́ kó èyí tí ó ga jù sí agbára. Èmi yóò fi sí ìfaradà àti ìfanimọ́ra. Ẹ rántí Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà, tí ó gba àwọn Ẹ̀gbá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àáró ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko wọn tán, àáró náà di ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà sì dìde ní ọjọ́ kan náà sí àwọn ìlàrí tí Ọ̀yọ́ fi jẹ lé wọn lórí. Jẹ́ kí Ọdẹ́ṣọlá jẹ́ aláàáró. Ní gbogbo abúlé tí ó bá gbà kọjá, kí ó bá wọn ro oko. Apìtàn yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ó pe gbèsè náà nígbà tí ìyà bá dé.

Kò sì ní dá wà láàárín àwọn ọlọ́gbọ́n inú igbó. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938, Àkàrà-Ògùn ni a máa ń wò, nítorí pé oògùn kún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá a lọ sí Òkè Lángbòdó ńkọ́? Kùmọ̀ ni Kàkó gbé dání. Òye ni Ìmọ̀dòye mú lọ. Ohùn ni Òlóhùn-iyọ̀ ní. Fágúnwà ti to ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún 36 kí òyìnbó tó ta eré rẹ̀, ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àyè sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò ní oògùn.

Ibi tí eré náà ti ń dùn jù ni ààlà. Ọdẹ́ṣọlá ń mu àgbo. Bí ìyá arúgbó bá wúre sí àgbo náà, ṣé yóò mu ún? Bí wọ́n bá ń ki oríkì rẹ̀ tí orí rẹ̀ wú, tí ó sì fi ìgboyà sáré síwájú, ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ti í? Apìtàn kò gbọdọ̀ dáhùn fún un.

Nígbà tí àwa mẹ́rin kan dán ẹ̀dá-ìtàn yìí wò, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1864 ni apìtàn gbé wa lọ, tí ogun Dàhòmì padà wá. Ọta ìbọn wọ Ṣówándé, ẹgbẹ́ bàbá Ọdẹ́ṣọlá, ní itan. Wọ́n fẹ́ fi abẹ yọ ọ́, abẹ kò wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n," ni òṣèré wa bi í, "ta ni ó sín in fún yín?"

Ìyá kan ní agboolé kejì ni, ó sì wà láàyè, ẹ̀rọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn ni ẹ̀rọ̀ náà, ẹni tí yóò fi í pa itan Ṣówándé gbọ́dọ̀ pe ọfọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé. Òṣèré wa dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí ìyá náà kọ́ òun ní ọfọ̀ náà, kí ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú dáìsì olójú 20 lórí tábìlì.