Ẹ wo orúnkún Màmá kí ẹ tó mú òkè: Erin-Ìjẹ̀ṣà ni àbí Ìdànrè?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kó ẹbí lọ gun òkè, àfi bí wọ́n bá débẹ̀ tán ni wọ́n á tó rántí pé orúnkún ń dun Màmá. Ariwo dé nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ wo omi tó ń já látorí àpáta, kó kọrí sí Olúmirin, ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, nípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìpele méje ló ní. Ti àkọ́kọ́ ò le rárá, tàgbà tèwe ló ń débẹ̀. Àmọ́ téèyàn bá ti kọjá ibẹ̀, gbígun ló kù, kò sí eré níbẹ̀ mọ́.

Ti Ìdànrè tún yàtọ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni wọ́n ń gùn níbẹ̀, àwọn tára wọn le ló yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Àwọn tí kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sí Olúmọ, l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbénigòkè síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Àsìkò òjò lomi ń pọ̀ jù, ìgbà náà gan-an làpáta ń yọ̀. Bàtà tó ń di ilẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ wọ̀.

Ẹni tó dúró ní ìpele kìn-ín-ní tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn délé, ó sàn ju ẹni tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ láti ìkeje lọ.