ÌSINMI RÁŃPẸ́ LẸ́NU IṢẸ́ NÍNÚ OṢÙ ÀÀWẸ̀

Ọpẹ́ ni fún Allāhu Ọba tó dá ọ̀sán àti òru. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. 

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Lánàá, a pẹ́ nídìí ìrun Àṣámù. Lóru, a tún dìde sí sààrì, ìyá ilé tó se oúnjẹ sì ti jí ṣáájú wa. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ebi nìkan kọ́ ló ń dà wá láàmú mọ́, ọpọlọ ló ti rẹ̀. Akọ̀wé ní Dùgbẹ̀ á kọ 63 síbi tó yẹ kó kọ 36. Ìyá ọlọ́jà ní Bódìjà á ṣi ṣéńjì kà, ìjà á dé. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Challenge á tòògbé nídìí ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan rò pé ọ̀lẹ ni ẹni tó bá sinmi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Súrà An-Nabaʼi, Ọlọ́run ka oorun mọ́ ohun tó fi ṣe wá lóore. Bukhārī gbà á wá pé Abū Dardāʼi ń gba ààwẹ̀ nàfílà lọ́sàn-án, ó tún fẹ́ máa kírun mọ́jú, kò ráyè ìyàwó rẹ̀. Salmān ní kó sùn ná, pé Ọlọ́run ní ẹ̀tọ́ lára rẹ̀, ara rẹ̀ náà ní, ará ilé rẹ̀ náà sì ní. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ànábì, ó ní òótọ́ ni Salmān sọ.

Òfin ìjọba náà fara mọ́ ọn. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ń lo wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fi du àwọn ọmọ iṣẹ́ yín.

Báwo la ó ṣe ṣe é? Tí Aílà bá tó, ẹ dìde nídìí tábìlì. Ẹ ṣe àlùwàlá, ẹ fara balẹ̀ kírun. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan, kẹ́ ẹ di ojú fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Kó má pẹ́ jù, torí oorun tó bá wọra, téèyàn bá jí, ara á tún wúwo ni. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ojú náà lè sinmi. Ẹ má fi àkókò náà sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, kó má baà jẹ láádá ààwẹ̀ yín. Awakọ̀ tí oorun bá ń kùn, kó páàkì síbi tó dáa.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni gbogbo nǹkan. Ẹni tó ń gbowó oṣù, tó wá sùn láti Aílà títí di Alásàrí, ó ja ọ̀gá rẹ̀ lólè. Ẹ gba àyè, ẹ sinmi, kẹ́ ẹ padà lásìkò. Ẹ̀yin baba, ẹ bá ìyá àwọn ọmọ dá sí iṣẹ́ sààrì, kóun náà lè rójú sùn.

Kí Ọlọ́run gba ààwẹ̀ wa, kó fún wa ní àlàáfíà ara àti ti ọpọlọ. Àmín.