Bí Nduka Odizor, ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù l'Ékòó, ṣe fàgbà han Vilas ní Wimbledon

Ẹ bi àwọn àgbà tó wà ní Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá tàbí Akanran léèrè ohun tí wọ́n rántí nípa ọdún 1983. Àwọn kan á sọ ti iná ọyẹ́ tó jó oko kòkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Àwọn mìíràn á sọ ti ìbò oṣù kẹjọ, nígbà tí Bọ́lá Ìgè àti Ọmọ́lolú Olúnlóyọ̀ jọ ń du ipò gómìnà, wọ́n á sì fi ti àwọn ṣọ́jà tó gbàjọba lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún kún un. Àwọn tó máa sọ pé ọdún náà ni ọmọ Nàìjíríà kan ṣe ohun tó ya ayé lẹ́nu níbi ìdíje tẹ́níìsì tó lókìkí jù lágbàáyé kò ní pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ṣẹlẹ̀, ẹni tó sì ṣe é kì í ṣe ọmọ olówó.

Nduka Odizor lorúkọ ẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1958. Lásìkò tó wà ní kékeré, tẹ́níìsì kì í ṣe eré mẹ̀kúnnù rárá. Inú kílọ́ọ̀bù tí àwọn òyìnbó, àwọn ọ̀gá ìjọba àtàwọn lọ́yà ti ń najú ní ìrọ̀lẹ́ ni pápá ẹ̀ máa ń wà, ẹni tí kò bá sì ní orúkọ nínú ìwé kílọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ ṣíṣa bọ́ọ̀lù ló máa ń gbé ọmọ tálákà wọ ibẹ̀. Bí ọ̀gá bá gbá bọ́ọ̀lù tó fò lọ, ọmọ á sáré lọ he é wá, wọ́n á fún un ní kọ́bọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni Odizor ṣe. Bó ti ń ṣa bọ́ọ̀lù ló ń ṣọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń di rákẹ́ẹ̀tì mú àti bí wọ́n ṣe ń rìn lórí pápá. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, kò sì pẹ́ tí àwọn èèyàn fi rí i pé ọwọ́ ọmọ náà yàtọ̀.

Lára àwọn tó rí i ni òyìnbó Amẹ́ríkà kan, Robert Wren, olùkọ́ ní Yunifásítì Houston, tó wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó ní àwọn ọdún 1970. Ọkùnrin yìí ló bá a wá ọ̀nà tó fi dé Houston, tó kàwé níbẹ̀, tó sì gbá tẹ́níìsì fún ilé ìwé náà. Kí n kúkú sọ ọ́ níbí, nítorí àwọn ará Ìbàdàn: Wren kì í ṣe olùkọ́ eré ìdárayá. Ìwé lítíréṣọ̀ ló ń kọ́ni. Òun ló kọ ìwé tó jáde lọ́dún 1991 lórí bí Yunifásítì Ìbàdàn ṣe di ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti jáde láàrin 1948 sí 1966. Ọkùnrin kan náà tó lọ́wọ́ sí ti tẹ́níìsì wa ló tún lọ́wọ́ sí ìtàn ìwé kíkọ wa.

Ká tó dé orí ọ̀rọ̀ Wimbledon, ó yẹ ká sọ bí wọ́n ṣe ń to àwọn agbátẹ́níìsì, torí láìmọ èyí, èèyàn lè má mọ bí ohun tí Odizor ṣe ti tó. Láti ọdún 1973 ni ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń fi tẹ́níìsì jẹun ti ń fi kọ̀ǹpútà ka máàkì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá rí gbà láàrin ọdún kan, wọ́n á sì tò wọ́n láti ipò kìíní lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó wà lókè ni wọ́n ń fi ìwé pè, òun ni wọ́n ń gbà sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó wà nísàlẹ̀, owó àpò ẹ̀ ni yóò fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, òun ni yóò sanwó ilé tó máa sùn àti owó okùn rákẹ́ẹ̀tì tó bá já. Tó bá pàdánù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, owó tí wọ́n máa fún un lè má tó owó ọkọ̀ tó gbé e lọ. Ó dà bí àgbẹ̀ tó yáwó ra irúgbìn láì tíì mọ̀ bóyá òjò máa rọ̀. Ti ọmọ Nàìjíríà tún le sí i, torí ó ní láti máa wá físà láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì.

Èèyàn 128 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje ọkùnrin ní Wimbledon. Ní 1983, mẹ́rìndínlógún péré ni wọ́n kọ orúkọ wọn síwájú gẹ́gẹ́ bí àwọn tí wọ́n gbà pé wọ́n lè gbá a dókè, wọ́n sì pín wọn káàkiri kí wọ́n má baà tètè pàdé ara wọn. Odizor kò sí lára wọn. Ẹni tí wọ́n wá yàn fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni Guillermo Vilas, ọmọ Ajẹntínà, tó jẹ́ ẹnì kẹrin lára àwọn mẹ́rìndínlógún náà.

Vilas kì í ṣe kékeré. Ó ti gba ife ilẹ̀ Faransé àti ti Amẹ́ríkà lọ́dún 1977, ó sì gba ti Australia ní 1978 àti 1979. Àwọn kan máa ń sọ pé orí ilẹ̀ amọ̀ ló ti lágbára, pé kò mọ orí koríko gbá, wọ́n sì fi ìyẹn fojú kéré ohun tí Odizor ṣe. Èmi kò fara mọ́ ọ. Orí koríko ni wọ́n ti ń gbá ti Australia nígbà yẹn, ibẹ̀ ló sì ti gba ife méjì. Òótọ́ ni pé bọ́ọ̀lù kì í ta gíga lórí koríko, ó máa ń yọ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ̀ lórí pẹ̀tẹ́pẹ̀tẹ́, ẹni tó bá sì lágbára láti gbá a wọlé, tó tún sáré lọ síwájú àwọ̀n láti pa á kó tó balẹ̀, ló máa ń jàǹfààní ẹ̀. Bí Odizor ṣe ń gbá nìyẹn. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ọkàn Vilas kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀, torí oṣù kẹfà yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ tó ń darí tẹ́níìsì dájọ́ pé kó lọ jókòó sílé fún ọdún kan, lórí ẹ̀sùn pé ó gba owó ẹ̀yìn kó tó lọ síbi ìdíje kan ní ìlú Rotterdam. Ó ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìdí nìyẹn tó fi lè gbá ti Wimbledon.

Ní ti ọkùnrin, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta nínú márùn-ún ló borí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba géèmù mẹ́fà, tó sì fi méjì ju ẹnì kejì lọ, ló ni sẹ́ẹ̀tì. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ní 6-3. Ó gba ìkejì ní 7-5. Ó ku ọ̀kan ṣoṣo kí Odizor káṣọ ẹ̀ sínú báàgì, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nípò ẹ̀ ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Wọ́n gbá sẹ́ẹ̀tì kẹta títí ó fi di 6-6. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, géèmù àkànṣe kan ni wọ́n máa ń fi là á: ẹni tó bá kọ́kọ́ ní máàkì méje, tó fi méjì ju èkejì lọ, ló mú un. Bí Vilas bá mú un, ó parí nìyẹn, a ò ní máa sọ̀rọ̀ yìí lónìí. Odizor ló mú un. Ó tún gba sẹ́ẹ̀tì kẹrin ní 7-5. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìkarùn-ún, ọkùnrin tó ti gba ife ńlá mẹ́rin kò rí ọgbọ́n dá mọ́, Odizor gbá a ní 6-2. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

Àsìkò ọ̀hún tún bọ́ sí i fún aláwọ̀ dúdú. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà yẹn ni Yannick Noah, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Kamẹrúùnù, tí òun náà sì dàgbà ní Yaoundé, gba ife ilẹ̀ Faransé. Láàrin oṣù kan ṣoṣo, ọmọ Áfíríkà méjì ló mú kí àwọn tó ń kọ̀wé nípa tẹ́níìsì máa wá àwòrán ilẹ̀ ayé kiri.

Odizor borí nínú ìdíje kejì, ó borí nínú ìkẹta, ó wọ àárín àwọn mẹ́rìndínlógún tó kù. Ibẹ̀ ló ti pàdé Chris Lewis, ọmọ New Zealand, tí òun náà jẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ipò 91 ló wà lágbàáyé. Lewis gbá a ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta gbáko. Ẹni tó gbá a yìí kò dúró o, ó ń gbá a lọ títí ó fi dé àṣekágbá, kí John McEnroe tó fi 6-2, 6-2, 6-2 dá a dúró. Torí náà ọ̀rọ̀ Lewis ni àwọn òyìnbó rántí jù nípa ọdún yẹn, ti Odizor sì bọ́ sí abẹ́ ẹ̀.

Ti Odizor kò parí sí Wimbledon náà. Lọ́dún 1983 kan náà ló gba ife ní ìlú Taipei, nígbà tó sì di oṣù kẹfà 1984, ó ti gòkè dé ipò 52 lágbàáyé. Lọ́dún 1988, nígbà tí wọ́n dá tẹ́níìsì padà sínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Seoul, òun àti Tony Mmoh ni wọ́n jọ gbá oníméjì-méjì fún Nàìjíríà. Kò tíì sí ọmọ Nàìjíríà mìíràn tó fi àsíá wa dé àárín àwọn mẹ́rìndínlógún ní Wimbledon láti ìgbà náà, ó sì ti lé lógójì ọdún.

Orúkọ Mmoh yìí tún padà jáde. Tony bí ọmọkùnrin kan, Michael, tí wọ́n bí ní Riyadh, ní Saudi Arabia, ṣùgbọ́n tó ń gbá fún Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2023, wọ́n ti já Michael kúrò ní ìdíje ilẹ̀ Australia kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, àfi bí ẹnì kan kò ṣe lè gbá mọ́, tí wọ́n ní kó wá rọ́pò ẹ̀. Ló bá wọlé, ló gbá Alexander Zverev ọmọ Jámánì tó wà nípò kejìlá nínú àwọn tí wọ́n kọ síwájú. Ní Wimbledon ọdún náà, ó tún gbá Félix Auger-Aliassime. Nígbà tó di ti Amẹ́ríkà, John Isner gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n dé 6-6 nínú ìkẹta, Michael mú géèmù àkànṣe náà, ó sì gba gbogbo eré ọ̀hún ní sẹ́ẹ̀tì karùn-ún. Bí ti Odizor àti Vilas ṣe lọ gẹ́lẹ́ ní ogójì ọdún ṣáájú nìyẹn, ọmọ ẹni tí Odizor bá gbá ní Seoul ló sì ṣe é.

Ẹni tó bá wà l'Ákínyẹlé tàbí ní Lágelú lè bi wá pé báwo ni èyí ṣe kan ọmọ òun tó ń lọ sóko lẹ́yìn ilé ìwé. Ká má parọ́, tẹ́níìsì ṣì le fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Inú ọgbà ni pápá ẹ̀ ṣì ń wà lọ́dọ̀ wa, bíi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti IITA tó wà ní Akínyẹlé, rákẹ́ẹ̀tì kan sì lè gba owó tí bàbá ń wá fún ajílẹ̀. Èyí tó rọrùn ni ti orí tábìlì. Káfíńtà ìlú lè kan pákó méjì pọ̀, kí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ dá a láàrin, àwọn ọmọ á máa gbá a lábẹ́ igi máńgòrò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣe bíi ti Odizor nínú àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ wa fi jẹ́ agbátẹ́níìsì orí tábìlì.

Arúnà Quadri, tí wọ́n bí sí ìlú Ọ̀yọ́ lọ́dún 1988, ni mò ń sọ. Lọ́dún 2014 ló dé àárín àwọn mẹ́jọ tó kù níbi ife àgbáyé ní Düsseldorf, ọmọ Áfíríkà kankan kò débẹ̀ rí. Ní Òlíḿpíìkì Rio lọ́dún 2016, ó pàdé Timo Boll ọmọ Jámánì, tó ti wà nípò kìíní lágbàáyé rí, ó sì gbá a ní 4-2. Ma Long ará Ṣáínà ló dá a dúró ní àárín àwọn mẹ́jọ, òun náà ló sì gba góòlù. Ní oṣù karùn-ún 2022, Arúnà wọ àárín àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé.